Irú kòkó kan náà, orílẹ̀-èdè méjì: àwa àti Gánà

1.
Lọ́dún 2024, owó kòkó fò sókè lọ́jà àgbáyé, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000. Ní Modákẹ́kẹ́ níbí, àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹsẹ̀ kan oko bàbá wọn gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ààlà gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra ọmọ kòkó 600 inú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnì kan tó tò wọ́n sẹ́bàá títì. Mo ní, "Bọ̀dá mi, irú kòkó wo nìyí?" Ó ní, "Kòkó ni jàre. Kòkó tún ní irú ni?"

Ó ní irú o. Ìtàn irú yẹn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn àwa àti Gánà. Ó gùn, ẹ jókòó.

2.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kékeré kan. Àjọ FAO máa ń ka ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi irè oko rẹ̀ ṣe: èyí tí èèyàn jẹ, èyí tí ẹran jẹ, èyí tó bàjẹ́, àti èyí tí wọ́n dá padà sínú ilẹ̀ bí irúgbìn. Ọkà bálì tí wọ́n fi ń ṣe bíà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín, hẹ́kítà kan sì lè gba kílò 100 sí 200 irúgbìn. Tí irúgbìn ọdún yìí ò bá dáa, àgbẹ̀ á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó parí.

3.
Kòkó ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fi mítà mẹ́ta sáàárín igi kan sí èkejì, hẹ́kítà kan gba igi 1,111. Èso kòkó kan máa ń ní hóró bíi 30 sí 40. Àádọ́ta èso ti tó, títí kan àwọn tó máa kú ní nọ́sìrì. Tẹ́ ẹ bá sá hóró inú àádọ́ta èso yẹn gbẹ láti tà á, ó lè má ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ.

Kílò méjì! Àmọ́ igi tó máa hù níbẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, àní ogójì ọdún. Tẹ́ ẹ bá ṣi irú mú, ọmọ yín ló máa bá a níbẹ̀.

4.
Nǹkan míì tún wà. Hóró kòkó tí wọ́n bá ti sá ti kú, kò lè hù mọ́. Ẹ ò lè kó o sínú àpò bí àgbàdo, ẹ ò lè gbé e sínú fíríìjì. Tó bá ti kúrò nínú èso ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló ní. Tó bá wà nínú èso, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ìyẹn ni pé irúgbìn kòkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e láti ibi tó ti so dé ibi tí wọ́n máa gbìn ín, kó sì tètè gbé e. Gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ìtàn ẹni tó gbé e ni.

5.
Ibì kan náà ni àwa àti Gánà ti rí i. Igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá. Láti Brazil ló gba orí òkun dé àwọn erékùṣù tó wà nítòsí wa, títí kan Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí.

Tetteh Quarshie, alágbẹ̀dẹ ará Gánà, ṣiṣẹ́ ní Fernando Po, ó mú irúgbìn bọ̀, ó sì gbìn ín sí Mampong lọ́dún 1879. Kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́ tó dán an wò níbẹ̀, àmọ́ tiẹ̀ ló tàn kálẹ̀. Ní tiwa, ní nǹkan bí ọdún 1880, J.P.L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti oníṣòwò ní Èkó, gbin kòkó sí oko ẹ̀ ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége.

Ẹ ṣàkíyèsí: ẹni méjèèjì, kò síjọba tó rán wọn.

6.
Bó ṣe tàn kálẹ̀ náà jọra. Ní Gánà, àwọn àgbẹ̀ Akuapem ra èso, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n ń gbìn ín lọ sínú igbó. Nígbà tó fi máa di 1911, àwọn ló ń kó kòkó jù lọ láyé.

Lọ́dọ̀ wa, oko ńláńlá àwọn èèyàn bíi J.K. Coker ní Agége ló di ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú òkè wá ṣe lébìrà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, èso kòkó wà nínú ẹrù wọn. Ẹni yẹn gbin tiẹ̀, aládùúgbò ẹ̀ tọrọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ Ìbàdàn, Oǹdó, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́.

7.
Kòkó àkọ́kọ́ yẹn, Amelonado lorúkọ ẹ̀. Òdòdó orí igi kan lè gba ìyẹ̀fun òdòdó ara ẹ̀, kó sì so. Nítorí náà, ọmọ máa ń jọ ìyá gan-an.

Bàbá àgbà mi mọ èyí láìka ìwé kankan. Tí kòkó bá pọ́n, wọ́n á rìn yí oko ká, wọ́n á wá igi tó so jù, tí àrùn ò fọwọ́ kàn, wọ́n á so ìmọ̀ mọ́ ọn pé kẹ́nikẹ́ni má ká a. Tí wọ́n bá fọ́ èso yẹn, hóró àárín nìkan ni wọ́n ń mú. Tòkè àti tìsàlẹ̀, ẹ sá a. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ tó dáa, ìyá ẹ̀ ló ń wò."

Fún Amelonado, òótọ́ pọ́ńbélé lọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fi sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

8.
Lọ́dún 1936, wọ́n rí àrùn kan ní ìlà oòrùn Gánà: ẹ̀ka igi á wú, ewé á yí àwọ̀ padà, igi á kú láàárín ọdún mélòó kan. Swollen shoot ni wọ́n ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì gbóògùn. Kí wọ́n gé igi yẹn dànù ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀. Láti ìgbà yẹn, igi tí wọ́n ti gé ní Gánà ti ju igba mílíọ̀nù lọ. Ẹ wo àgbẹ̀ tí wọ́n wá gé igi tó ṣì ń so mọ́ lórí! Ìbínú yẹn wà lára ohun tó gbóná janjan ní Gánà lọ́dún 1948.

Nítorí àrùn yìí ni wọ́n fi dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Tafo lọ́dún 1938. Lọ́dún 1944 ó di WACRI, ilé ìwádìí kòkó fún gbogbo ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ gbọ́ dáadáa: ilé ìwádìí kan, tiwa àti tiwọn.

9.
Ọdún 1944 yẹn náà ni onímọ̀ kan, Posnette, kó irú tuntun láti Trinidad wá sí Tafo. Òkè odò Amazon ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ lápá ìparí àwọn ọdún 1930. Àtọmọdọ́mọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní F3 Amazon. Tẹ́ ẹ bá bá àgbẹ̀ kòkó tó ti dàgbà sọ̀rọ̀ lágbègbè wa, "F3" kò ṣàjèjì sí i.

F3 tètè so, ó sì so púpọ̀. Inú àgbẹ̀ dùn. Gánà pín in, Nàìjíríà pín in.

Àmọ́ ìwà ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè gba ìyẹ̀fun ara wọn. Ìyẹ̀fun igi míì ni wọ́n ń dúró dè. Torí náà ọmọ ò fi dandan jọ ìyá. Igi tó ń so bí ẹní ń rọjò lè bí ọmọ tí kò ní so nǹkan kan. Ìyá lẹ rí, ẹ ò mọ bàbá.

10.
Ẹ wá rí ọgbọ́n bàbá àgbà mi? Òun náà ni wọ́n lò fún kòkó tuntun. Igi tó so jù, hóró àárín. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan bí ìdajì igi tó hù kàn ń yọ ewé ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ló ti rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ló darúgbó tí ọwọ́ àwọn ò mọ́ bíi tàtijọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé ìwà kòkó ti yí padà.

Ó ń dùn mí títí di òní. Wọn ò ṣi iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ṣe iṣẹ́ tó tọ́ sí kòkó tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

11.
Ta ló yẹ kó sọ fún wọn? Ibí yìí ni ọ̀nà àwa àti Gánà ti pínyà.

Lẹ́yìn òmìnira, WACRI túká. Gánà mú Tafo. Àwa dá CRIN sílẹ̀ lọ́dún 1964, ó wà ní Ìdí-Ayúnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn títí dòní. Ìmọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbé kúrò nílé. Ìdáhùn sí ìṣòro bàbá àgbà mi wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: ọgbà irúgbìn. Ẹ gbin ìyá tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ gbin bàbá tẹ́ ẹ mọ̀ sítòsí, kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ mú ìyẹ̀fun láti orí òdòdó bàbá lọ sórí òdòdó ìyá. Èso tó bá jáde, ẹ mọ ìdílé ẹ̀. Ìyẹn la wá ń pè ní kòkó àgíríìkì.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí: ọjọ́ díẹ̀ ni irúgbìn kòkó ní láyé. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí èso yẹn gbà lọ́dọọdún, àtọ̀nà tó dé oko ẹ̀. Ọgbà tí wọ́n bá pa tì fún ọdún márùn-ún ti di igbó.

12.
Ẹgbẹ́ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ Gánà, ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó ti yí orúkọ padà, ó ti jẹ gbèsè, ó ti já àgbẹ̀ kulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ó ṣì wà: COCOBOD. Ẹ̀ka kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju irúgbìn lọ, àwọn ọgbà ẹ̀ sì wà káàkiri ibi tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Wọ́n ta èso ní owó pọ́ọ́kú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n pín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ kòkó lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbogbo àgbẹ̀ Gánà kọ́ ló lò ó o. Púpọ̀ ṣì ń mú irú nínú oko ara wọn tàbí ti aládùúgbò. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n mọ ìdílé ẹ̀, ó mọ ẹnu ọ̀nà tó máa kàn.

13.
Tiwa ńkọ́? Àwa náà ní tiwa lọ́dún 1947. Kòkó ló kọ́ Cocoa House tí wọ́n parí lọ́dún 1965. Owó ẹ̀ wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 dúró. Ṣùgbọ́n iye tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ẹ bi àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, ọ̀ràn yẹn wà lára ohun tó bí wọn nínú.

Lọ́dún 1971, Báǹkì Àgbáyé yá wa lówó ká fi tún kòkó gbìn ní Western State, wọ́n dá Cocoa Development Unit sílẹ̀, irúgbìn dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ti dé. Àwọn ọmọ ti ń lọ sígboro. Lọ́dún 1986, ìjọba Babangida pa bọ́ọ̀dù kòkó rẹ́.

14.
Mi ò ní purọ́, àgbẹ̀ yọ̀. Owó kòkó gòkè lójú ẹsẹ̀, àwọn oníṣòwò ń bá ara wọn du òjé kòkó lẹ́nu ọ̀nà oko. Kò sẹ́ni tó sunkún bọ́ọ̀dù.

Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: ọwọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé, ọwọ́ tó yẹ kó máa fún un ní irúgbìn wà lára apá kan náà. Oníṣòwò fẹ́ kòkó gbígbẹ. Hóró tútù tó máa so lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ò kàn án. CRIN ń ṣèwádìí lọ, lọ́dún 2010 wọ́n gbé irú mẹ́jọ tuntun jáde, CRIN TC-1 títí dé TC-8. Iṣẹ́ dáadáa ni. Àmọ́ ọ̀nà tó ti Ìdí-Ayúnrẹ́ dé oko bàbá àgbà mi ti wú.

15.
Ẹ wo iye tí wọ́n kó. Láàárín àwọn ọdún 1960, Gánà ń kó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún tó bá dáa. Àwa kó nǹkan bíi 300,000 ní 1970/71. Ní 1983/84, lẹ́yìn ọ̀dá àti iná tó jó oko, Gánà já wá sí nǹkan bíi 160,000. Àwa náà já.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbìn. Ní 2010/11, Gánà kọjá mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Àwa ṣì ń rìn yí ká iye tí àwọn bàbá wa kó ní 1970. Kì í ṣe irúgbìn nìkan ló fà á. Fífín oògùn, ajílẹ̀, owó àti ilẹ̀ tuntun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí irúgbìn, kí ni wọn ì bá gbìn?

16.
Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Modákẹ́kẹ́ ò lè fò. Ilẹ̀.

Lọ́dún 1909 wọ́n tú Modákẹ́kẹ́ ká; àwọn èèyàn wa lọ sí Òdé-Òmu, Gbọ̀ngán, Ìkirè. Láti 1922 ni wọ́n ti ń padà. Àsìkò kòkó gan-an ni. Ọ̀pọ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Lórí ìṣákọ́lẹ̀ yẹn àti ọ̀rọ̀ míì ni ìjà ti bẹ́ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́: 1981, 1983, àti 1997 sí 2000. Mi ò wá dájọ́. Ilé jó lápá méjèèjì, òkú sùn lápá méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò nìyí: ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ṣì máa wà lórí ilẹ̀ yìí lọ́dún márùn-ún, ṣé ó máa wọkọ̀ lọ sí Ìdí-Ayúnrẹ́ lọ wá irú tó máa lo ọgbọ̀n ọdún? Èso tó bá rí nítòsí ni yóò gbìn, kíákíá, torí igi tó bá ti dúró ni ẹ̀rí pé òun wà níbẹ̀. Irúgbìn ti di ìwé ilẹ̀.

17.
Ní Gánà, ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní abunu: àjèjì á gbin oko, tó bá so, wọ́n á pín in sí méjì pẹ̀lú onílẹ̀. Ìjà wà níbẹ̀ náà, ẹ má tàn ara yín. Àmọ́ ẹni tó ń gbìn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdajì oko lòun ń gbìn fún ara òun, ó sì nídìí tó fi yẹ kó wá irú tó dáa.

18.
Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo ní Gánà ti débi ọ̀run. Lọ́dún 2023/24, ohun tí wọ́n kó já wá sí nǹkan bí ìdajì ti 2010/11. Swollen shoot tún gbéra, igi ti gbó, àwọn tó ń wa góòlù ń hú oko, kòkó ń gba ẹnu ibodè sá lọ. Ọgbà irúgbìn ò lè ṣẹ́gun gbogbo ìyẹn.

Àmọ́ bó ṣe já yìí, ibi tí wọ́n ti máa gba irú tuntun ṣì wà. Ohun tí mo rí nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Erékùṣù kan ló fún wa ní irú, ilé ìwádìí kan ló kọ́ wa. Nígbà tí kòkó ò jọ ìyá ẹ̀ mọ́, orílẹ̀-èdè kan ní ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó mọ bàbá ẹ̀. Èkejì fi í sílẹ̀ fún àgbẹ̀, kò sì sọ fún un.

19.
Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? A padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó ní inú oko àbúrò òun lòun ti ká èso, "igi tó so dáadáa ni o." Kò purọ́. Ohun tí bàbá àgbà mi ṣe náà ló ṣe.

Ọmọ kòkó 400 ti wọlẹ̀ nígbà yẹn. A dá igba tó kù dúró, a gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ lọ tọrọ èyí tó ti CRIN wá. Ó wọ́n, ó sì pẹ́ ká tó rí i. A gbìn ín sápá ọ̀tọ̀, a fi igi sàmì ààlà. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, a máa fojú rí ìyàtọ̀.

20.
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọmọ kòkó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ọgbà wo ni èso ẹ̀ ti wá? Ta ni ìyá, ta ni bàbá? Ọjọ́ wo ni wọ́n gbìn ín sínú ọ̀rá? Ẹni tí kò bá lè dáhùn méjì àkọ́kọ́ lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, àmọ́ òun náà ò mọ ohun tó ń tà.

Tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín bá ṣì wà, ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní: èso tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti rí i? Mo bi tèmi pẹ́ jù. Tiyín ṣì lè rántí orúkọ ẹni náà.